Ìwọ̀n Epo tí Ọkọ̀ Asáré ń Mu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni a fi í mọ oúnjẹ tí yóò yóni. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí bí ó bá jẹ́ ti iyán tàbí ti ẹ̀bà, ṣùgbọ́n bí ó bá kan ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti epo tí ó ń mu, ojú a máa tan ènìyàn jẹ. Ọkọ̀ kan lè tóbi kí ó má sì mu epo tó bí a ti rò; òmíràn sì lè kéré kí ó máa gbọ́n àpò ẹni tí ó ni ín gbẹ lójoojúmọ́. Nínú gbogbo ọkọ̀ tí ń tan ojú jẹ ní ọ̀nà bẹ́ẹ̀, bóyá ni a lè rí èyí tí ó tó ọkọ̀ asáré kékeré, èyí tí í ṣe ọkọ̀ oníjòkòó méjì tí a kò ṣe fún ẹrù tàbí fún èrò púpọ̀, bí kò ṣe fún eré sísá àti fún ìgbádùn ẹni tí ń wà á.

Ní Joju, ní agbègbè Sango-Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ epo kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ti máa ń jáde, tí àwọn oníṣòwò ń kọjú sí ọjà, tí àwọn mìíràn sì ń dá ọ̀nà Èkó pọ̀n. Tírélà tí ó kó ẹrù ilé iṣẹ́, dánfó, koropé, máruwá àti ọ̀kadà yóò dà pọ̀ mọ́ ara wọn, gbogbo wọn yóò sì máa wọ́ bí ìgbín. Ẹni tí ó bá jókòó sínú ọkọ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ yóò máa gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ti ń kùn, yóò sì mọ̀ pé owó ni ó ń jóná, bí ọkọ̀ kò tilẹ̀ kúrò lójú kan.

Kí a fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Joju ni ó ń gbé, ilé iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà ni ó ti ń ṣiṣẹ́, òun ni ó sì ń san owó ilé ẹ̀kọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ó ti ń fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ kí ó lè ra ọkọ̀. Ní ọjọ́ kan ó rí ọkọ̀ asáré kékeré kan, tòkunbọ̀ ni, òrùlé rẹ̀ sì ṣeé ká sẹ́yìn. Ọkàn rẹ̀ fà sí i gidigidi. Ẹni tí ń tà á sọ fún un pé ọkọ̀ náà kì í mu epo rárá, nítorí pé ó kéré, ó sì fúyẹ́. Ó tilẹ̀ mú ìwé jáde láti fi ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gba ìwé ọ̀hún, ó sì mú un lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, ẹni tí ó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ọ̀pọ̀ ọdún.

“Bàbá, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síbí,” ni ó wí. “Wọ́n ní jálá epo kan yóò gbé e rin máìlì 34.”

Àgbàlagbà náà wo ìwé náà títí, ó sì dá a padà fún un. “Ọmọ mi, ta ni ó wà á tí ó fi rin máìlì 34? Ọ̀nà wo ni ó sì gbà? Ìwé kì í wa ọkọ̀.”

Ìbéèrè méjì tí àgbàlagbà yìí béèrè ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí ó yẹ kí ènìyàn mọ̀ nípa epo tí ọkọ̀ ń mu.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí àwọn ìjọba ayé bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1973, nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ísírẹ́lì àti àwọn ará Íjíbítì pẹ̀lú Síríà, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tí ń ta epo kọ̀ láti tà á fún Amẹ́ríkà àti àwọn mìíràn tí wọ́n gbè sẹ́yìn Ísírẹ́lì. Láàrin oṣù díẹ̀, iye owó epo rọ̀bì di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà tò lọ rẹrẹ níwájú ilé epo. Ní ọdún 1974, ìjọba wọn ṣe òfin pé kí ọkọ̀ má ṣe sáré ju máìlì 55 lọ láàrin wákàtí kan. Ní ọdún 1975 wọ́n tún ṣe òfin tí ó fi agbára mú àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ láti dín epo tí ọkọ̀ wọn ń mu kù. Láti ìgbà náà wá ni ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ ti ń wo ìwé kí ó tó wo àwọ̀ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ bí a ti ń ka ìwé náà.

Lára àwọn ọkọ̀ asáré kékeré tí òkìkí wọn kàn jù lọ káàkiri àgbáyé ni Mazda MX-5, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Miata. Ilé iṣẹ́ kan ní Jàpáànì ni ó ń ṣe é, ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ fi í han gbogbo ènìyàn ní oṣù Kejì, ọdún 1989. Ẹ́ńjìnnì èyí àkọ́kọ́ jẹ́ lítà 1.6, gbogbo ara ọkọ̀ náà kò sì wúwo tó kìlógíráàmù 1,000. Ọgbọ́n tí wọ́n lò ni ọgbọ́n tí ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Colin Chapman, ẹni tí ó dá ilé iṣẹ́ Lotus sílẹ̀, ti fi kọ́ ayé: pé dípò kí a máa fi agbára kún ẹ́ńjìnnì, kí a kúkú dín ìwúwo ọkọ̀ kù. Ọgbọ́n náà dùn mọ́ àwọn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní oṣù Kẹrin, ọdún 2016, mílíọ̀nù kan MX-5 ni a ti ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú èyí tí ó jáde fún ọdún 2016, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2, tí a sì ń fi ọwọ́ yí jíà rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwé ìjọba wí pé jálá epo kan yóò gbé e rin máìlì 27 nínú ìlú, àti máìlì 34 ní ojú ọ̀nà márosẹ̀. Bí a bá sì pa méjèèjì pọ̀, máìlì 30. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí máìlì 41 ni wọ́n kọ fún ọkọ̀ kan náà. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni, síbẹ̀ ìwé méjèèjì kò bá ara wọn mu. Ṣé ẹnì kan nínú wọn ń purọ́ ni?

Irọ́ kọ́. Nǹkan kìíní ni pé jálá kan kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú jálá mìíràn. Jálá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí a lò ní Nàìjíríà ní ayé àwọn òyìnbó, ń gba nǹkan bí lítà 4.55, ṣùgbọ́n ti Amẹ́ríkà kò gbà ju nǹkan bí lítà 3.79 lọ. Gbogbo ẹni tí ó bá ń ná ọjà mọ̀ pé kóńgò ìlú kan lè tóbi ju ti ìlú kejì lọ, àti pé òmùgọ̀ ni yóò fi iye owó wọn wé ara wọn láì kọ́kọ́ wo inú kóńgò. Bí a bá sọ gbogbo rẹ̀ di lítà àti kìlómítà, ohun tí ìwé Amẹ́ríkà ń wí ni pé lítà kan yóò gbé ọkọ̀ náà rin nǹkan bí kìlómítà 11.5 nínú ìlú, 14.5 ní ọ̀nà márosẹ̀, àti 12.8 bí a bá pa wọ́n pọ̀. Ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní tirẹ̀, ń wí pé nǹkan bí 14.5 ni àpapọ̀. Ìyàtọ̀ ti dín kù, ṣùgbọ́n kò tíì tán.

Nǹkan kejì ni ọ̀nà tí a gbà ṣe ìdánwò. Inú ilé ni a ti ń dán irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wò, kì í ṣe ní ojú ọ̀nà. A ó gbé táyà rẹ̀ lé orí irin tí ń yí, awakọ̀ yóò sì máa tẹ̀lé ìlànà tí a ti tò sílẹ̀ fún un: kí ó dúró fún ìwọ̀n ìgbà báyìí, kí ó sáré tó báyìí, kí ó sì tún dúró. Ìdánwò tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù ní ìgbà náà kò gùn ju nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lọ. Ìrìn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 11, ìyára rẹ̀ bí a bá pín in dọ́gba sì jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 34 láàrin wákàtí kan. Wọn kì í tan ẹ̀rọ amúlétutù. Kò sí òkè, kò sí ihò, kò sí òjò, kò sì sí tírélà tí ó dábùú ọ̀nà.

Àwọn olùwádìí kan tí wọ́n ń pè ní International Council on Clean Transportation kó àkọsílẹ̀ àwọn awakọ̀ Yúróòpù jọ, wọ́n sì fi wé ohun tí ìwé wí. Wọ́n rí i pé ní ọdún 2001, epo tí ọkọ̀ tuntun ń mu ní ojú ọ̀nà fi nǹkan bí 9 nínú 100 ju ti ìwé lọ. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2015, ó ti fi ohun tí ó lé ní 40 nínú 100 jù ú lọ. Nítorí èyí, láti oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2017, Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí fi ìdánwò tuntun rọ́pò ti àtijọ́; èyí gùn jù, eré inú rẹ̀ sì pọ̀ jù. Amẹ́ríkà ti ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ láti orí àwọn ọkọ̀ ọdún 2008, wọ́n fi eré líle, otútù àti ẹ̀rọ amúlétutù kún ìdánwò tiwọn. Ìdí nìyẹn tí ìwé Amẹ́ríkà fi sún mọ́ òtítọ́ ju ti kejì lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìwé méjèèjì, kò sí èyí tí a kọ ní Joju.

Kí ni ó wá mú kí ọ̀nà Joju yàtọ̀ sí irin tí ń yí nínú ilé? Kí èyí tó lè yé ni, ó yẹ kí a mọ ibi tí epo ń lọ. Epo tí ó jóná nínú ẹ́ńjìnnì ń di ooru, ooru yìí ni ẹ́ńjìnnì sì ń sọ di agbára. Púpọ̀ nínú ooru náà ni ó ń bá èéfín jáde, tí ó sì ń bá omi rédíétọ̀ lọ. Bí a bá pín agbára tí ó wà nínú lítà epo kan sí ọ̀nà mẹ́rin, nǹkan bí ìpín kan péré ni ó ń dé ọ̀dọ̀ táyà. Ìwọ̀nba díẹ̀ yìí ni ọkọ̀ ní láti fi gbé ìwúwo ara rẹ̀, láti fi la atẹ́gùn kọjá, àti láti fi borí bí táyà ti ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀.

Ohun tí ń jẹ epo jù lọ nínú ìlú ni gbígbéra àti dídúró. Nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá gbéra láti ojú kan, epo ni ó fi ń ra ìyára. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, gbogbo ìyára tí a ti fi owó rà yóò di ooru lára bíréèkì, yóò sì ṣòfò. Ẹni tí ó bá gbéra tí ó sì dúró ní ìgbà 50 kí ó tó dé ibi iṣẹ́ ti ra ìyára ní ìgbà 50, ó sì ti dà á nù ní ìgbà 50. Níhìn-ín ni fífúyẹ́ ọkọ̀ asáré ti ṣe é ní àǹfààní, nítorí pé ohun tí kò wúwo kì í gba agbára púpọ̀ láti sún. Ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ asáré súnmọ́ ilẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Ihò tí dánfó yóò gùn kọjá láìbìkítà, ọkọ̀ asáré gbọ́dọ̀ dúró fún un, kí ó yà fún un, kí ó sì tún gbéra. Bẹ́ẹ̀ ni àǹfààní tí ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbà ṣe ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ òsì.

Èkejì ni dídúró pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí ń ṣiṣẹ́. Láàrin wákàtí kan, ẹ́ńjìnnì kékeré tí kò lọ síwájú tí kò lọ sẹ́yìn yóò mu tó nǹkan bí ìdajì lítà sí lítà kan, ẹ̀rọ amúlétutù yóò sì tún fi kún un. Lákòókò yìí, kò sí kìlómítà kan tí a rìn. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wákàtí méjì lójúmọ́ lè mu lítà 10 láàrin ọ̀sẹ̀ oníṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún, kí a tó ka èyí tí a fi rìn gan-an.

Ẹ̀kẹta ni atẹ́gùn. Bí ìyára ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí atẹ́gùn fi ń tì í sẹ́yìn yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, ẹni tí ọ̀nà là fún ní kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú, tí ó sì rò pé òun yóò fi eré dí ohun tí ó sọnù láàrin ọ̀sẹ̀, ń fi epo ṣòfò ní ọ̀nà mìíràn ni. Ọkọ̀ asáré kéré ní iwájú, atẹ́gùn kò sì rí ibi púpọ̀ dì mú lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn, atẹ́gùn yóò máa ru gùdù nínú rẹ̀, yóò sì máa fà á sẹ́yìn.

Ẹ̀kẹrin ni ìwà ọkọ̀ asáré fúnra rẹ̀. A to jíà rẹ̀ kí ó lè tètè gbéra, nítorí náà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ a máa yí kíákíá ju ti ọkọ̀ lásán lọ, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ ń sáré bákan náà. Táyà rẹ̀ a máa fẹ̀ kí ó lè di ilẹ̀ mú, táyà tí ó fẹ̀ sì ń fẹ́ agbára púpọ̀ láti yí. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dùn létí, ó sì máa ń pe ẹsẹ̀ awakọ̀ níjà. Díẹ̀ ni ẹni tí yóò ra ọkọ̀ asáré tí yóò sì wà á bí ẹni tí ó gbé ẹyin sórí.

Bí ìwé kò bá lè sọ òtítọ́ tán, kí ni yóò sọ ọ́? Ìwọ̀n ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin àpẹẹrẹ wa ní ẹnì kan ní ibi iṣẹ́ tí ó ní irú ọkọ̀ kan náà, tí ó sì ń gba ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́. Àbúrò bàbá rẹ̀ kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò ṣe. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ sí ilé epo, wọ́n rọ epo kún un títí ẹnu ẹ̀rọ epo fi dá ara rẹ̀ dúró, wọ́n sì kọ iye kìlómítà tí ó wà lójú ọkọ̀ sílẹ̀: 61,240. Ẹni tí ó ni ín wà á gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń wà á, kò yí ohunkóhun padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n padà sí ilé epo kan náà, ní ibi ẹ̀rọ kan náà, wọ́n sì tún rọ ọ́ kún. Lítà 30 ni ó gbà; ojú ọkọ̀ sì fi 61,480 hàn. Kìlómítà 240 ni ó rìn. Bí a bá fi 30 pín 240, èsì rẹ̀ jẹ́ 8.

Wọn kò dúró níbẹ̀, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè ṣìnà: bóyá epo kò kún dáadáa, bóyá tírélà kan ṣubú ní ọ̀sẹ̀ náà. Ní ìgbà kejì ó rin kìlómítà 225 pẹ̀lú lítà 29. Ní ìgbà kẹta ó rin kìlómítà 261 pẹ̀lú lítà 31. Wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: kìlómítà 726, lítà 90. Díẹ̀ ni ó fi lé ní kìlómítà 8 lórí lítà kan. Ìwé wí pé 12.8, ọ̀nà Joju wí pé 8.

Ó lè dà bí ẹni pé ìyàtọ̀ yìí kò tó nǹkan, títí a ó fi sọ ọ́ di owó. Kí oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tó parí, iye tí ìjọba fọwọ́ sí pé kí a máa ta lítà epo bẹntiróòlù kan kò pé ₦200. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, lítà kan di ₦488 ní Èkó. Nígbà tí ó sì fi di oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, ó ti di nǹkan bí ₦1,000. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ènìyàn ń rin kìlómítà 1,000 láàrin oṣù kan. Bí a bá tẹ̀lé ìwé, nǹkan bí lítà 78 ni yóò rà; bí a bá tẹ̀lé ọ̀nà, lítà 125. Nígbà tí lítà kan jẹ́ ₦190, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì kò pé ₦9,000. Nígbà tí ó di ₦1,000, ìyàtọ̀ náà di ₦47,000. Ní oṣù Keje, ọdún 2024, òfin sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní Nàìjíríà di ₦70,000. Èyí fi hàn pé ìyàtọ̀ láàrin ohun tí a kọ sínú ìwé àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ojú ọ̀nà lè tó ìdá méjì nínú mẹ́ta owó oṣù òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ni irú owó yìí. Kì í ṣe owó tí a lè gbé sọnù.

Ohun mìíràn tún wà tí ìwé kì í sọ, èyíinì ni iye ènìyàn tí epo náà gbé. Kí a ní koropé kan ń rin kìlómítà 8 lórí lítà kan, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ asáré yẹn. Bí ó bá gbé èrò 7, lítà kan náà ti gbé ènìyàn 7 rin kìlómítà 8. Ọkọ̀ asáré tí ẹnì kan ṣoṣo jókòó sí ti fi lítà kan gbé ẹnì kan. Ẹni tí ó bá wo ọkọ̀ nìkan yóò ní wọ́n dọ́gba. Ẹni tí ó bá ka orí ènìyàn yóò rí i pé ọ̀kan fi ìlọ́po méje ju èkejì lọ.

Ǹjẹ́ kò wá sí ohun tí ènìyàn lè ṣe láti dín epo tí ọkọ̀ rẹ̀ ń mu kù ni? Ó wà. Yorùbá ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Kí awakọ̀ máa wo iwájú jìnnà, kí ó lè gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná kí ó tó dé ibi tí ọkọ̀ ti dúró, dípò kí ó sáré débẹ̀ kí ó sì tẹ bíréèkì. Kí ó máa fẹ́ táyà tó bí ó ti yẹ, nítorí pé táyà tí kò le dáadáa ń wọ́ nílẹ̀. Kí ó pààrọ̀ asẹ́ afẹ́fẹ́ àti púlọ́ọ̀gì nígbà tí ó bá tọ́, kí ó sì kó gbogbo ẹrù tí kò wúlò kúrò nínú búùtù. Bí ọ̀nà bá dí pa, tí kò sì sí àmì pé yóò tètè là, kí ó pa ẹ́ńjìnnì.

Ṣùgbọ́n àṣà kan wà tí ó yẹ kí a kọ̀ sílẹ̀. Àwọn awakọ̀ àtijọ́ a máa yọ jíà nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, kí ọkọ̀ lè máa yí lọ fúnra rẹ̀, wọ́n sì gbà pé àwọn ń tọ́jú epo. Nígbà tí ọkọ̀ ń lo kábúrétọ̀, ọ̀rọ̀ wọn lè ní ìtumọ̀ díẹ̀. Ní ti ọkọ̀ òde òní tí kọ̀ǹpútà ń bù epo fún, bí a bá fi jíà sílẹ̀ nínú rẹ̀ tí a sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ó lè dá epo dúró pátápátá títí eré rẹ̀ yóò fi dín kù. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ jíà, ó gbọ́dọ̀ máa mu epo kí ẹ́ńjìnnì má bàa kú. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó yọ jíà pàdánù epo, ó sì tún fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu, nítorí pé bíréèkì nìkan ni yóò máa dá ọkọ̀ dúró fún un.

Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn rí ìṣirò náà, ó kọ́kọ́ bínú sí ẹni tí ń ta ọkọ̀, ó ní ó fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Àbúrò bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Kò rẹ́ ọ jẹ,” ni ó wí. “Ohun tí ó wà nínú ìwé ni ó kà fún ọ. Ìwọ ni kò béèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà.” Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò ra ọkọ̀ asáré. Ó ń bá koropé lọ sí ibi iṣẹ́, ó sì ń fi owó rẹ̀ pamọ́ títí yóò fi rí ọkọ̀ tí ìṣirò rẹ̀ bá àpò rẹ̀ mu. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ asáré ní ibi iṣẹ́ wọn kò ta tirẹ̀ ní tirẹ̀. Ó ní ìgbádùn rẹ̀ tó owó tí òun ń ná lé e lórí. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣe ohun tí ó tọ́, nítorí pé àwọn méjèèjì ti mọ iye tí wọ́n ń san.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nìkan ni èyí. Iye tí a kọ sílẹ̀ wúlò fún fífi ọkọ̀ kan wé èkejì, bí ó bá jẹ́ pé ìdánwò kan náà ni a fi dán wọn wò. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ohun tí nǹkan yóò ná òun, ní ọ̀nà tirẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tirẹ̀, àfi kí ó rọ epo kún, kí ó kọ òǹkà sílẹ̀, kí ó rìn, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín in.